Kíìkì lọ́rì àtijọ́ tí kò fẹ́ yí mọ́: bí a ṣe ń tún wáyà rẹ̀ ṣe kí a tó ra òmíràn

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Òṣogbo wọ Iléṣà ní ìdájí, ẹ ó rí àwọn lọ́rì Mercedes 911 tí wọ́n kọrí sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta ńlá lẹ́sẹ̀ táyà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú wà nítòsí, wọn ò páàkì síbẹ̀, torí kíìkì wọn, ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbà, ò ṣeé gbára lé. Láàárọ̀, kọ́ńdọ́ á yọ òkúta, lọ́rì á yí díẹ̀, dẹ́rẹ́bà á fi jíà kejì gbá a, ẹ́ńjìnnì á sì dún. Ìlú olókè ni Iléṣà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó ru pákó kún, tó jẹ́ òkúta kan péré ló ń dá a dúró lẹ́bàá ibi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí gan-an. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Iṣẹ́ ríwáyà, àtúnṣe iná ọkọ̀, ni mò ń ṣe, lọ́rì àtijọ́ ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá pé kíìkì ti kú, èyí tó pọ̀ jù, wáyà ni kò jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ kíìkì dáadáa. Ẹni tó bá ra kíìkì tuntun, tó wá so ó mọ́ wáyà àtijọ́ yẹn, kò ní pẹ́ padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nítorí náà, bátìrì àti wáyà la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Kíìkì ló máa gbẹ̀yìn.

Ibi tí iná ń sọnù sí

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, bàbá kan tó ń kó pákó láti sọ́mììlì gbé 911 wọn wá. Kíìkì mẹ́ta ni wọ́n ti rà láàárín ọdún méjì.

"Ọ̀gá ríwáyà, ẹ bá mi wá ojúlówó," ni wọ́n wí. "Àwọn tòkúnbọ̀ yìí ti jẹ owó mi tán."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná."

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gòkè, kó fa sítọ́ọ̀pù jáde kí ẹ́ńjìnnì má baà gbà, kó wá yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbé mítà lé orí bátìrì: 21.6 fóòtì. Mo gbé e lé ẹnu kíìkì, ọwọ́ kan lórí bọ́ọ̀tù wáyà ńlá, ọwọ́ kejì lára kíìkì fúnra rẹ̀: 16.2. Fóòtì márùn-ún ó lé ti sọnù lójú ọ̀nà. Mo wọ abẹ́ lọ́rì, mo fọwọ́ kan ibi tí okùn ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dá iná padà sí nẹ́gátíìfù bátìrì, ti wọ ṣáàsì, kíá ni mo fa ọwọ́ padà. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó kun ṣáàsì ní dúdú ti kun okùn náà mọ́ ọn. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà, ìpẹtà pupa ló wà nísàlẹ̀, ìdajì irun okùn náà sì ti já, àwọ̀ ewé ló kù lára wọn.

A pààrọ̀ gbogbo wáyà ńlá rẹ̀. Kíìkì kẹta tí bàbá fẹ́ jù nù ló yí ẹ́ńjìnnì náà, ó yí i kíákíá. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Àwọn méjì tí mo tà fún oní-kọ̀ndẹ́mù ńkọ́?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Kíìkì lọ́rì díísẹ̀lì máa ń fa 300 sí 400 ámpù nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá pọ̀ tó báyìí, ìdènà tí ojú ò lè rí á di nǹkan ńlá. Ìdènà 0.005 óòmù, tó kéré débi pé mítà ọwọ́ wa kò lè kà á dáadáa, bí 300 ámpù bá gba ojú rẹ̀ kọjá, 1.5 fóòtì ló máa jẹ, á sì sọ ọ́ di ooru. Lórí bátìrì 12 fóòtì, ìyẹn ju ìdá mẹ́wàá agbára rẹ̀ lọ. Kíìkì tí iná rẹ̀ kò pé á máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èyí tó bá sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹrù á pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ooru á pọ̀ jù nínú rẹ̀, brọ́ṣì rẹ̀, èédú tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, á jó, inú rẹ̀ á sì dúdú. Báyìí ni wáyà burúkú ṣe ń pa kíìkì rere.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ gbé lọ́rì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ kó òkúta tàbí igi sẹ́sẹ̀ táyà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí jíà sì wà ní fíríì. Ẹ yọ òrùka, aago ọwọ́ àti ẹ̀wọ̀n ọrùn. Mo ti rí ọwọ́ ẹni tí òrùka rẹ̀ wà láàárín sípánà àti orí bátìrì, ojú àpá náà kò lọ títí dòní.

Wáyà nẹ́gátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tú pọ́sítíìfù, tí sípánà bá wá kan ara ọkọ̀, iná ńlá ló máa bẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú bátìrì tí wọ́n ń ṣáájì lè gbaná, ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀.

Ẹ tún rí i dájú bóyá fóòtì 12 ni lọ́rì yín ń lò tàbí 24. Ẹ má fi orúkọ lọ́rì mọ̀ ọ́n. Àwọn 911 tí ilé iṣẹ́ ANAMMCO tò ní Enugu àti àwọn tó ti òkè òkun wá ti gba ọwọ́ oríṣiríṣi ríwáyà kọjá, àwọ̀ wáyà tí ẹ bá rí lára wọn ò lè sọ òótọ́ fún yín mọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so bátìrì. Bí wáyà kan bá ti pọ́sítíìfù ti èkínní lọ sí nẹ́gátíìfù ti èkejì, 24 ni. Bí pọ́sítíìfù méjèèjì bá so pọ̀, tí nẹ́gátíìfù méjèèjì náà sì so pọ̀, 12 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ó lè dá yín lójú.

Bátìrì

Ẹ jẹ́ kí lọ́rì sùn mọ́jú láìṣiṣẹ́, kí ẹ tó wọn bátìrì. Èyí tó kún dáadáa á fi 12.6 hàn. Bí ó bá jẹ́ 12.2, kò ju ìdajì lọ, kí ẹ gbé e lọ ṣáájì kí ẹ tó wọn ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí kíìkì bá ń yí, kí ó má wálẹ̀ ju 9.6 lọ lórí bátìrì kan. Bí ó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ti kún tẹ́lẹ̀, bátìrì náà ti rẹ̀.

Lórí lọ́rì 24, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ra bátìrì méjèèjì, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ẹni tó bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó yẹn ni yóò ba tuntun jẹ́. Ohun kan wà tó ń dùn mí púpọ̀: wọ́n á fẹ́ gbọ́ rédíò, wọ́n á fẹ́ ṣáájì fóònù, wọ́n á wá fa 12 jáde lára bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Bátìrì yẹn á máa sanwó fún àwọn méjèèjì, kò ní kún mọ́ láéláé, nígbà tí ìkejì rẹ̀ á máa gba iná jù. Oṣù díẹ̀ ni, méjèèjì á bàjẹ́. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24 di 12. Owó rẹ̀ ò tó owó bátìrì kan.

Wíwọn ohun tó ń sọnù

Ẹ má ṣe kíyè sí bí wáyà ṣe rí lójú. Wáyà tó dán lẹ́yìn lè ti jẹrà nínú. Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́, nígbà tí kíìkì bá ń yí lọ́wọ́ sì ni kí ẹ kà á, nítorí bí iná ò bá rìn, ìdènà kì í fara hàn. Ẹ ní kí ẹnì kan wọkọ̀, kó fa sítọ́ọ̀pù, kó máa yí kíìkì fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún.

Ẹ gbé ọwọ́ mítà kan lé òjé orí bátìrì pọ́sítíìfù gan-an, kì í ṣe lé irin tó dì í mú. Ẹ gbé ọwọ́ kejì lé bọ́ọ̀tù ńlá lẹ́yìn kíìkì. Ohun tí mítà bá kà nígbà tí kíìkì ń yí ni ohun tó sọnù lójú ọ̀nà pọ́sítíìfù. Lórí lọ́rì 12, èmi ò gbà ju 0.5 lọ, lórí 24, mi ò gbà ju 1 lọ. Lẹ́yìn náà, láti òjé nẹ́gátíìfù sí ara kíìkì fúnra rẹ̀: 0.3 fún 12, 0.5 fún 24.

Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa sún ọwọ́ mítà síwájú díẹ̀díẹ̀: láti òjé sí irin tó dì í mú, láti irin sí wáyà, láti wáyà sí orí tó wà lẹ́nu kíìkì, láti ẹ́ńjìnnì sí ṣáàsì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò sókè ni àrùn wà. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé ibi kan péré ni. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, owó yín sì wà lápò.

Wáyà ńlá

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ fi okùn wọn ọ̀nà tí wáyà máa gbà, ẹ máa ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí kíìkì sì ń fa 400 ámpù. Wáyà bàbà 35 mm² á jẹ 0.8 fóòtì nínú rẹ̀. Wáyà 70 mm² á jẹ 0.4. Lórí lọ́rì 12 tó jẹ́ díísẹ̀lì, 70 ni mo máa ń lò. Lórí 24, 50 tó, bí bátìrì ò bá jìnnà. Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni wáyà kúkúrú tó so bátìrì méjì pọ̀. Iná kan náà ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti yòókù dọ́gba.

Wáyà tí àwọn wẹ́dà ń lò dára, ó rọ̀, irun rẹ̀ pọ̀, kò sì ní tètè já bí ẹ́ńjìnnì bá ń mì. Àlébù rẹ̀ ni pé rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ lè má fẹ́ràn ọ́ìlì àti díísẹ̀lì, nítorí náà ẹ wọ páìpù oníke fún un láti òkè dé ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra lọ́jà. Wáyà ayédèrú wà níta tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Àwọ̀ bàbà ni ẹ ó rí ní ìta, wọ́n á sì kọ 70 sí i lára. Ẹ mú ọ̀bẹ dání. Ẹ fa irun kan jáde, ẹ ha á: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Ẹ tún fọwọ́ wọ̀n ọ́n, torí ó fúyẹ́ ju bàbà lọ púpọ̀. Ìdènà alumíníọ̀mù ju ti bàbà lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ó sì máa ń tètè jẹrà níbi tó ti kan orí bàbà. Yálà Gate n'Íbàdàn lẹ ti rà á, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ ha á níṣojú ẹni tó ń tà á. Ọlọ́jà tó bá jẹ́ olóòótọ́ kò ní bínú.

Orí tí a ó fi sí ẹnu wáyà, ẹ ra èyí tí ihò rẹ̀ bá wáyà mu gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́fà ló dára jù, àwọn oníná tó ń fa wáyà ńlá sínú ilé máa ń ní in, ẹ lè gbé wáyà lọ bá wọn. Mi ò gba ti òòlù tí a fi ń lu orí wáyà pẹlẹbẹ, irun á máa mì nínú rẹ̀. Mi ò sì gbà kí a fi òjé yíyọ́ dí i nìkan: òjé máa ń wọ́ gòkè sínú irun wáyà, á sọ ibẹ̀ di gígan, ibẹ̀ ló sì máa ń já. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fa á tagbára-tagbára. Bí ó bá yọ, ó yọ lọ́wọ́ yín, kò yọ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ lóru. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ rọ́bà tó ń súnkì fún un, kí ẹ fi iná mú un gbóná títí á fi dì mọ́ ọn.

Wáyà ńlá yìí kì í ní fíúsì. Bí ara rẹ̀ bá gé, tó bá kan ṣáàsì, lọ́rì lè jóná. Ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ sàlẹ́ńsà, ẹ má so ó mọ́ páìpù díísẹ̀lì tàbí ti bíréèkì, kí ẹ sì fi rọ́bà sí ojú ihò irin èyíkéyìí tó bá gbà kọjá. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti kúrò lára ṣáàsì bọ́ sára ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹ́ńjìnnì ń mì, ṣáàsì kò mì.

Ẹ́ẹ̀tì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Kíìkì kì í sábà ní wáyà nẹ́gátíìfù tirẹ̀, ara rẹ̀ ló ń lò, ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì sì jókòó lórí rọ́bà, rọ́bà kò sì ń gbé iná. Nítorí náà, wáyà kan gbọ́dọ̀ ti nẹ́gátíìfù bátìrì lọ tààrà sí ẹ́ńjìnnì, bí ó bá ṣeé ṣe, sí abẹ́ ọ̀kan nínú bọ́ọ̀tù tó di kíìkì mú. Kí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti pọ́sítíìfù dọ́gba. Okùn kejì, kó ti ẹ́ńjìnnì lọ sí ṣáàsì. Ẹ̀kẹta, kó ti ṣáàsì lọ sí ara ilé dẹ́rẹ́bà, 16 mm² tó fún un.

Lórí lọ́rì tó jẹ́ ṣáàsì nìkan ni nẹ́gátíìfù bátìrì rẹ̀ so mọ́, bí okùn ẹ́ńjìnnì sí ṣáàsì bá já, iná kíìkì á wá ọ̀nà mìíràn: á gba okùn àṣírétọ̀, á gba okùn sítọ́ọ̀pù. Mo ti rí okùn àṣírétọ̀ tó pupa bí ẹ̀yinná nítorí èyí.

Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ so ó, ẹ fi fáìlì tàbí sándípépà ha ọ̀dà àti ìpẹtà títí irin á fi dán bí owó ẹyọ, kí ayíká náà fẹ̀ ju orí wáyà lọ. Ẹ lo wọ́ṣà onírin eléyín kí ó lè jẹ irin. Ẹ dì í le. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá dì í tán ni kí ẹ tó fi gíríìsì bò ó, kí omi má wọlé. Ọ̀dà kò gbọdọ̀ wà láàárín irin méjèèjì láé.

Rílè

Bí wáyà ńlá bá ti dára, tí kíìkì ṣì ń dún "tá" lẹ́ẹ̀kan, tí kò yí, ẹ wo wáyà kékeré tó ti ibi kọ́kọ́rọ́ wá. Solenoid ẹ̀yìn kíìkì nílò iná tó pọ̀ kó tó lè ti jíà jáde, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti dashboard wá ti gbó, ẹnu kọ́kọ́rọ́ sì ti jó. Rílè á gbà wọ́n là: kọ́kọ́rọ́ á kàn pàṣẹ ni, rílè á gbé iná.

Ẹ ra rílè 70 ámpù, kí fóòtì rẹ̀ bá ti lọ́rì mu. Àwọn nọ́ńbà tí mo fẹ́ pè yìí, ara rílè àti ẹ̀yìn kíìkì ni wọ́n kọ wọ́n sí, níbi tí wáyà ń wọ̀. Wáyà kọ́kọ́rọ́ tó ń lọ sí 50 lẹ́yìn kíìkì tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ so ó mọ́ 86 rílè. 85, ẹ so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì. 30 rílè, ẹ fà á láti ara bọ́ọ̀tù 30 kíìkì, ẹ fi fíúsì 50 ámpù sí i nítòsí ibi tó ti kúrò. 87, ẹ dá a padà sí 50 kíìkì. Wáyà 6 mm² ni kí ẹ lò fún méjèèjì yìí. Ẹ gbé rílè sí ibi tí omi ò lè dé.

Ẹ má ra rílè pọ́ọ́kú. Bí ẹnu rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ra, kíìkì á máa yí lọ láìdúró. Nítorí èyí, mo máa ń fi kọ̀tí-àfù ńlá, síwíìṣì tó ń gé iná bátìrì, sí orí nẹ́gátíìfù, níbi tí ọwọ́ dẹ́rẹ́bà lè tètè dé. Kí dẹ́rẹ́bà mọ̀ pé kò gbọdọ̀ pa á nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, áltánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì, á jó.

Kíìkì fúnra rẹ̀

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti parí, tí kíìkì kò sì ṣe dáadáa, ẹ tú u wálẹ̀. Kí ẹ di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ó wúwo, ó ti já lé ọmọ iṣẹ́ mi kan láyà rí.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wo eyín fáìwìlì, irin róbótó ńlá ẹ́ńjìnnì tí jíà kíìkì ń yí, láti ojú ihò tí kíìkì ti jáde. Ẹ́ńjìnnì 911, OM352, sílíńdà mẹ́fà ló ní, bí wọ́n bá sì pa á, ibi mẹ́ta kan náà ló máa ń dúró sí. Nítorí náà ibi mẹ́ta ni eyín fáìwìlì rẹ̀ máa ń jẹ, ẹ ó sì rí eyín tó dára láàárín wọn. Ẹ máa yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kí ẹ wo gbogbo rẹ̀. Bí eyín bá ti jẹ púpọ̀, kíìkì tuntun á jẹ òun náà. Bí jíà bọ́ọ̀kìsì bá wálẹ̀ fún iṣẹ́ kúlọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, kí mẹkáníìkì fi iná mú òrùka eyín náà gbóná, kó yọ ọ́, kó yí i ní ìdá kan nínú mẹ́fà, kó dá a padà. Eyín tí kò tíì jẹ á bọ́ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn.

Èwo ni kí ẹ rà? Kíìkì àtijọ́ wúwo, ó ń fa iná púpọ̀. Àwọn ti ìgbà yìí ní jíà nínú: inú rẹ̀ á máa sáré bí ẹfùùfù, jíà á sì sọ eré náà di agbára, bíi ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ sí mẹ́rin. Ó fúyẹ́, iná tó ń fà kéré sí ti àtijọ́, ó sì wúlò gan-an láàárọ̀ ọyẹ́. Àlébù rẹ̀ ni pé àwọn pọ́ọ́kú ní rọ́bà líle níbi tó yẹ kí irin wà, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà nítorí tí pọ́ńpù rẹ̀ ò sí ní táìmù, jíà inú á fọ́. Ní tèmi, bí inú kíìkì àtijọ́ yín bá ṣì dára, tí ẹ sì lè rí brọ́ṣì àti búùṣì rẹ̀ rà, ẹ tún un ṣe. Bí inú rẹ̀ bá ti jó, ẹ ra onijíà.

Ẹ gbé ògbólógbòó dání lọ sọ́jà, ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe. Ẹ ka eyín jíà kékeré ẹnu rẹ̀, kí iye wọn bára mu. Ẹ wo ọwọ́ tó ń yí sí. Ẹ wo fóòtì, iye ihò bọ́ọ̀tù, àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe gùn tó, nítorí tí jíà bá wà ní ìsinmi, àyè bíi 3 mm ló yẹ kó wà láàárín rẹ̀ àti eyín fáìwìlì. Ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tẹ̀ ẹ́ níwájú yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kíìkì tó yí lórí tábìlì kò tíì gbé ẹrù.

Títẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ so gbogbo rẹ̀, nẹ́gátíìfù kẹ́yìn. Ẹ fa sítọ́ọ̀pù, kí ẹ tún wọn ohun tó ń sọnù bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sí ìwé, kí ẹ lè fi wé e lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wá jẹ́ kó gbà. Ẹ má tẹ kíìkì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wọn bátìrì: 13.8 sí 14.4 fún 12, 27.6 sí 28.8 fún 24. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, áltánétọ̀ ni iṣẹ́ kàn, bí ẹ kò bá tọ́jú rẹ̀, gbogbo wàhálà yín á padà dé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí lọ́rì bá ti tutù, ẹ fọwọ́ kan gbogbo ibi tí ẹ ti so wáyà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ kíìkì ní ìgbà bíi mẹ́ta. Èyí tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ, ẹ tú u, ẹ tún un ha, ẹ tún un dì.